Láti Ìdí Balùwẹ̀ dé Ẹnu Géètì: Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Ṣe fún Ẹni Tó Ń Lo Àga Oníkẹ̀kẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti bá wọn dá sí irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ohun kan náà ni mo máa ń bá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá, tàbí jàǹbá ọkọ̀ ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ jẹ́, ẹbí sì ti sáré pe bíríkìlà kó wá da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu-ọ̀nà iwájú. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sì ń rí i pé wọ́n ti ṣe nǹkan fún èèyàn wọn. Nínú ilé ńkọ́? Ẹnu-ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò yí padà, àga oníkẹ̀kẹ́ kò gba ibẹ̀ kọjá, ọkùnrin méjì ló sì ń gbé bàbá lọ wẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni gbé àpò gàrí.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn ni ká ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, kí yàrá ibùsùn tẹ̀ lé e, kí ẹnu-ọ̀nà ìta wá kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tí kò lè rìn máa ń jáde lọ́sẹ̀, kò sì ṣòro láti rí ẹni tí yóò tì í sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ ìsìn tàbí ọjọ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní ọjọ́, kò sì ní àkókò.

Ilé búlọ́ọ̀kù onílẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, tàbí ìsàlẹ̀ ilé alájà, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ bá ìlànà ADA ti Amẹ́ríkà mu, ìyẹn ìlànà ilé kíkọ́ tó wà lábẹ́ òfin wọn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ẹ̀dà ti ọdún 2010. Ìdí tí mo fi yan ìlànà náà kò jìnnà: ínǹṣì àti fíìtì ni ó ń lò, ínǹṣì àti fíìtì náà sì ni bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti wẹ́dà wa ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wọn èèyàn kí ẹ tó wọn ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ ni a ó kọ́kọ́ wò ká tó fọwọ́ kan ilé. Ẹ mú téèpù, ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹni tí ẹ ń tún ilé ṣe fún jókòó sínú àga tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣèlérí pé òun máa fi ránṣẹ́. Bí ti Lọ́ńdọ̀nù bá sì dájú, ẹ ní kí wọ́n wọn fífẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dì í sínú àpótí, nítorí mo ti rí àga olówó ńlá tó di ìjókòó àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé kò gba ẹnu-ọ̀nà kankan kọjá.

Ẹ wọn fífẹ̀ àga náà níbi tó ti fẹ̀ jù, pẹ̀lú irin tí ọwọ́ fi ń yí táyà. Láàárín ínǹṣì 24 sí 27 ni ọ̀pọ̀ máa ń jẹ́. Ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ títí dé orí ìka ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó, gíga ìjókòó láti ilẹ̀, gíga orúnkún, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé lókè àti níwájú láìtẹ̀ síwájú jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ wo ló lágbára. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀ kò ní lè lo irin ìdìmú tí ẹ bá kàn mọ́ ògiri apá òsì, bó ti wù kí irin náà lẹ́wà tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá a lo odindi ọjọ́ kan, láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn, kí ẹ máa kọ gbogbo ibi tí ẹlòmíràn ti ní láti ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe jókòó sí pálọ̀ láti bá bíríkìlà ṣe ìpinnu nígbà tí ẹni tó ni ọ̀ràn wà nínú yàrá. Ẹ gbé e jáde síbi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ ọmọdé. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé, ẹ rántí pé ó ń dàgbà, àga rẹ̀ náà yóò sì máa fẹ̀ sí i. Ìwọ̀n àgbàlagbà ni kí ẹ fi fẹ ẹnu-ọ̀nà. Irin ìdìmú ni kí ẹ kàn ní ìwọ̀n ọmọ, nítorí irin ṣeé tú kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu-ọ̀nà. Fíìtì méjì ààbọ̀, ìyẹn ínǹṣì 30, ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń fi sílẹ̀ fún ẹnu-ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí férémù àti nínípọn ilẹ̀kùn bá ti gba tiwọn nínú rẹ̀, àlàfo tó kù lè má ju ínǹṣì 26 lọ. Ohun tí a ń wá ni àlàfo ínǹṣì 32, ó kéré tán. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn kó dúró gbọnrangandan, kí ẹ wá fa téèpù láti ojú ilẹ̀kùn dé òpó kejì. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ògiri.

Bí ínǹṣì kan tàbí méjì péré ló kù, ẹ yọ ilẹ̀kùn náà kúrò, kí ẹ ta aṣọ síbẹ̀, tàbí kí kápẹ́ńtà ṣe ilẹ̀kùn tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ara ògiri níta. Bí ohun tó kù bá ju ìyẹn lọ, a ní láti fọ́ ògiri, àtẹ́rígbà sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé onílẹ̀ wa, kọnkéré àtẹ́rígbà yí gbogbo ilé ká, a sì lè fẹ ẹnu-ọ̀nà lábẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹyọ àtẹ́rígbà kúkúrú ni wọ́n dá sórí ẹnu-ọ̀nà náà nìkan, tàbí bí ilé bá ní àjà lókè, ẹ ní láti fi igi gbé òkè dúró, kí ẹ da èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó yọ búlọ́ọ̀kù kankan. Iṣẹ́ ọ̀gá bíríkìlà nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ìta ni kí ilẹ̀kùn náà máa ṣí sí. Bí èèyàn bá ṣubú nínú balùwẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, àwọn tó fẹ́ gbà á là yóò sì máa fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn lásán. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ló dára, nítorí ẹni tí ìka rẹ̀ kò ní agbára kò lè yí èyí tó rí roboto.

Nínú yàrá náà, àga oníkẹ̀kẹ́ nílò àyè fíìtì 5 sí fíìtì 5 kó tó lè yí po. Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wó ògiri àárín wọn. Owó tí ẹ bá ná sí èyí nìkan lè ṣe ju gbogbo ohun tó kù lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ rí i dájú pé àga lè wọlé tààrà kó sì jáde sẹ́yìn, àti pé ẹ̀gbẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣófo kí àga lè dúró tì í.

Ẹ̀gbẹ́ kejì àwo náà ni kó sún mọ́ ògiri: láti àárín àwo dé ògiri, kó jẹ́ ínǹṣì 16 sí 18, kí irin ìdìmú má bàa jìnnà sí ọwọ́. Gíga ìjókòó rẹ̀ yẹ kó wà láàárín ínǹṣì 17 sí 19, kó bá ti àga mu, kí ó lè jẹ́ pé ńṣe ni èèyàn ń sún bọ́ síbẹ̀, tí kò ní láti gun òkè tàbí já sílẹ̀. Púlọ́ńbà lè tú àwo tó kúrú, kó da kọnkéré pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ìdí àwo lọ sábẹ́ rẹ̀, kó sì tún un tò. Bí kọnkéré náà bá fẹ̀ jù, àga kò ní lè sún mọ́ àwo mọ́. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ lójú mi rí.

Ó wá ku irin ìdìmú. Irin tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ kì í ṣe irin ìdìmú. Ojúlówó irin ìdìmú gbọ́dọ̀ lè gba ìwọ̀n àgbàlagbà tó bá fà á pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Ìlànà ADA ní kó lè gba 250 pọ́ùn, ìyẹn bíi kílò 113. Ìṣòro wa ni pé búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 tí a fi ń ṣe ògiri inú ilé ní ihò nínú. Bí wẹ́dà bá gbẹ́ ihò sí i, tó ki ike sínú rẹ̀, tó sì yí ìṣó wọ̀ ọ́, irin náà yóò dúró dáadáa ní ọjọ́ tí ẹ ń sanwó, yóò sì tú jáde ní ọjọ́ tí bàbá bá ń ṣubú tó dì í mú. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń yẹra fún un. A lè lu ògiri náà já, kí bóòtù gùn kọjá sí òdìkejì, kí a sì fi awo irin pẹlẹbẹ há a níbẹ̀. A lè fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù níbi tí ẹsẹ̀ irin máa wà, kí a rọ kọnkéré kún ihò rẹ̀, kí a sì ri ẹsẹ̀ irin náà mọ́ inú kọnkéré tútù. A sì lè gbé irin náà dúró láti ilẹ̀, bí òpó, tí ìdí rẹ̀ wọ inú kọnkéré ilẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì, nítorí kò gba àyè, kò sì hàn ní yàrá kejì.

Ẹ kàn án sí gíga ínǹṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀: ọ̀kan tó gùn tó ínǹṣì 42 sí ògiri ẹ̀gbẹ́, òmíràn tó tó ínǹṣì 36 sí ògiri ẹ̀yìn. Páìpù roboto tó kún ọwọ́ ni kí ẹ lò, kí fífẹ̀ ojú rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì má kéré ju ínǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, kó má sì ju ínǹṣì 2 lọ, kó sì jìnnà sí ògiri ní ínǹṣì kan ààbọ̀ péré, kí apá má bàa há sí àárín wọn. Kí ẹ tó san owó tó kù fún wẹ́dà, ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ibi ìwẹ̀, ẹ wó ògiri kúkúrú tó yí i ká, kí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti yòókù dọ́gba, kó kàn rọra dà sí ibi tí omi ń gbà jáde. Táìsì dídán kò yẹ níbẹ̀ rárá. Èyí tó rí wúruwùru lójú ni kí ẹ rà, tàbí èyí tó kéré gan-an, nítorí bí táìsì bá ṣe kéré tó ni oríkèé àárín wọn ṣe ń pọ̀ tó, oríkèé yẹn ló sì ń mú ẹsẹ̀ dúró.

Ẹ gba ìjókòó oníke tí gbogbo ilé ní lọ́wọ́ wọn. Lórí ilẹ̀ tó kún fún ọṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí èèyàn bá fi ara tẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wẹ́dà ṣe ìjókòó onírin tó ga tó ínǹṣì 18, kó fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ pèpéle sí ara ògiri, kó sì rẹ́ etí rẹ̀ kó má bàa gé ara. Níbi tí omi kò ti ń wá déédéé nínú páìpù, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹ̀rọ omi sórí búlọ́ọ̀kù níta, kí páìpù rẹ̀ wọlé sí ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé, kí ó má ní láti tẹ̀ sínú korobá. Bó bá jẹ́ ṣáláńgá ni ilé ní, kápẹ́ńtà lè ṣe ìjókòó onígi tó ní ihò láàárín, kó fi irin dè é mọ́lẹ̀ sórí ihò ṣáláńgá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ kọnkéré orí ṣáláńgá náà wò bóyá kò tíì sán.

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa kì í sábà mọ gbígbóná lábẹ́ ìbàdí, nítorí náà omi gbígbóná gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí kò ti lè dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó lè bó láìmọ̀. Ìdí kan náà ni ìjókòó rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dán láìní ṣónṣó, nítorí ọgbẹ́ kékeré lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè san.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibùsùn, ilẹ̀ ilé àti iná

Gíga ibùsùn ni kó bá gíga ìjókòó àga mu, ìyẹn ínǹṣì 18 sí 20 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn tí tìmùtìmù bá ti rì. Bó bá kúrú, kápẹ́ńtà lè fi igi kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ga jù, kó rẹ́ ẹ. Tìmùtìmù tó ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ kò jẹ́ kí èèyàn rí ibi fọwọ́ tì dìde. Ẹ fi àlàfo fíìtì 3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára. Bí yàrá rẹ̀ bá wà lókè àjà, ẹ gbé e wá sísàlẹ̀, kí ẹ sọ ìdajì pálọ̀ di yàrá bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, dípò kí ẹ máa gbé èèyàn gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ títí ẹ̀yin náà yóò fi di aláìsàn ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ọ̀nà tí àga yóò máa tọ̀ láti ibùsùn dé balùwẹ̀, dé pálọ̀, dé ẹnu-ọ̀nà. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó fíìtì 3, kó má sì ní ohunkóhun lórí: kò sí kápẹ́ẹ̀tì kékeré, kò sí wáyà ẹ̀rọ amúnáwá, kò sí tábìlì àárín. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í fẹ́ kí a gbé àga tìmùtìmù wọn kúrò ní ipò tó wà láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ẹnu-ọ̀nà tó bá ga ju ìdajì ínǹṣì lọ ni kí ẹ gé, tàbí kí ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀kùn onírin tí a ń rà nísinsìnyí burú fún èyí, nítorí irin ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀ máa ń yọrí sókè; bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ri i, ẹ ri irin náà wọ inú ilẹ̀.

Bọ́tìnì iná kò gbọ́dọ̀ ga ju fíìtì 4 lọ, ojú iná tí a ń ki wáyà sí kò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ínǹṣì 15 lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti yàrá rẹ̀ àti ti balùwẹ̀. Iná alágbára bátìrì kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé láti orí ibùsùn, nítorí ìgbà tí iná bá lọ lóru ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú. Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ rò: gbogbo fèrèsé wa ló ní irin, ilẹ̀kùn wa sì ní àgádágodo. Ẹ jẹ́ kí irin fèrèsé kan nínú yàrá rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sì máa wà lórí ìkọ́ tí ẹni tó jókòó lè nà mọ́, kì í ṣe lókè ibi tí a ń fi pamọ́ fún ọmọdé. Bí iná bá sọ nínú ilé, kò ní lè fo fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ sí ìta

Ìṣirò rẹ̀ kò le: fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ ilé fi ga ju ti ìta lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó fíìtì kan. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní ínǹṣì 6 yóò gba fíìtì 6. Mẹ́ta irú rẹ̀, ìyẹn ínǹṣì 18, yóò gba fíìtì 18. Nígbà tí bíríkìlà bá gbọ́ èyí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì sọ fún yín pé fíìtì 6 tó fún àtẹ̀gùn mẹ́ta. Kò tó. Ẹni tó bá gbìyànjú láti dá gun ìyẹn yóò yí dànù sẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń tì í yóò pẹ̀lú rẹ̀ ṣubú. Ibi tí a ti lè dín in kù díẹ̀ ni ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí àyè rẹ̀ kò tó: níbẹ̀, gíga tí kò ju ínǹṣì 6 lọ lè gba fíìtì 5.

Bí ọgbà yín kò bá gùn tó, ẹ kọ́kọ́ yí ilé ká kí ẹ tó sọ̀rètí nù. Ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn, ti ilé ìdáná, sábà máa ń sún mọ́ ilẹ̀ ju ti iwájú lọ. A lè da iyẹ̀pẹ̀ pupa sí iwájú ilé kí a sì kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kí gíga tó kù lè dín. A sì lè ṣẹ́ ọ̀nà náà po lára ògiri: kó gùn dé ibì kan, kó ní pèpéle ìsinmi fíìtì 5 sí fíìtì 5, kó wá yí padà. Pèpéle yìí jẹ́ dandan nígbà tí gíga bá ju ínǹṣì 30 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní òkè, níwájú ilẹ̀kùn, nígbà gbogbo, kí àga má bàa máa yí sẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ pupa kún inú rẹ̀, kí ẹ sì máa kì í bí ẹ ṣe ń dà á, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tí a kò kì dáadáa máa ń rì lẹ́yìn òjò kan, kọnkéré orí rẹ̀ á sì sán. Kọnkéré orí rẹ̀ nípọn tó ínǹṣì 4: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Kó tó le, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle gbá ojú rẹ̀ ní ìbú, kì í ṣe ní òòró, kí ojú rẹ̀ lè mú táyà. Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ méje. Ẹ má ṣe lẹ táìsì mọ́ ọn, bó ti wù kí ó wù yín tó.

Kí fífẹ̀ rẹ̀ má dín ní fíìtì 3. Fíìtì 4 ló tuni lára. Etí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ yọrí sókè ní ínǹṣì 4 kí táyà má bàa já kúrò. Irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní gíga ínǹṣì 34 sí 38, kó sì gùn kọjá òpin ọ̀nà náà ní fíìtì kan lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́ owó ná máa ń ní ẹ̀gbẹ́ kan ti tó. Ẹ ro ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tó ń fi ọ̀pá rìn: bó bá ń gòkè, irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, irin kan náà ti bọ́ sí òsì, ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹ̀rù ń ba èèyàn jù.

Láti ẹsẹ̀ ọ̀nà gẹ̀rẹ́ dé géètì, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Táyà iwájú àga kéré, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń gbé e mì. Bí gọ́tà bá wà lójú ọ̀nà, ẹ fi kọnkéré bò ó. Bó bá jẹ́ irin ni ẹ ó lò, ẹ tò ó ní ìbú sí ọ̀nà tí àga ń gbà, kí àlàfo àárín wọn má ju ìdajì ínǹṣì lọ. Géètì kékeré tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sábà ní irin nísàlẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ géètì ńlá ni ẹ ó máa ṣí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ilé ìdáná

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò èyí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá tó ń se oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ má ṣe gba ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ìtọ́jú. Orí tábìlì ìdáná kò gbọ́dọ̀ ga ju ínǹṣì 34 lọ, abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo tó ínǹṣì 27 ní gíga àti 30 ní fífẹ̀, kí orúnkún lè wọlé. Ààrò gáàsì tí bọ́tìnì rẹ̀ wà níwájú ni kí ẹ rà, kó má ní láti na ọwọ́ kọjá lórí iná. Kí sìlíńdà rẹ̀ sì wà níta. Fún àmàlà rírò, tábìlì kan tó tún rẹlẹ̀ ju ti ìdáná lọ ló dára, pẹ̀lú irin tí wẹ́dà ṣe láti di ìkòkò mú kó má bàa máa yí, nítorí ẹni tó jókòó kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé

Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Àkókò náà sì ti pé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, LASODA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀ràn àwọn àkàndá ẹ̀dá, ló sì ń bójú tó o níbẹ̀. Àwọn ilé ìjọba, báńkì àti irú wọn ni ọ̀rọ̀ ọdún 5 yẹn kàn; fún yàrá àti pálọ̀ tí ẹ gbà lọ́wọ́ onílé, àdéhùn ẹnu àti ìwé ni ẹ ó gbára lé. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílé kí ẹ tó fọ́ nǹkan kan, kí ẹ to gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ ó dá padà nígbà tí ẹ bá ń kó jáde. Onílé tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ fọ́ ògiri lè gbà kí ẹ yọ ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé ọ̀nà gẹ̀rẹ́ onígi tó ṣeé ká nílẹ̀ sí ojú àtẹ̀gùn kan, kí ẹ sì lo irin ìdìmú tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ká. Ní ilé oníyàrá tó dojú kọra, níbi tí ìdílé mẹ́fà ti ń pín balùwẹ̀ kan, ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ oníkorobá nínú yàrá ló sábà máa ń wúlò jù, bí ẹ bá ń dà á nù ní kíákíá tí ẹ sì ń fọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó san owó tó kù

Ẹ má ṣe san gbogbo owó iṣẹ́ ní ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ bá kó irinṣẹ́ wọn. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ tún ilé ṣe fún lo odindi ọjọ́ kan nínú rẹ̀, bí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa fa ìlà gba orí ibi tí kò ti nílò ìrànlọ́wọ́ mọ́. Kí ó wẹ̀ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ lè tutù, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ kì í fi àléébù rẹ̀ hàn. Kí ó dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òru, nígbà tí iná bá lọ. Ohun tí ẹ bá rí ni kí oníṣẹ́ wá tún ṣe kó tó gba tirẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ jáde lọ wo ẹsẹ̀ ọ̀nà gẹ̀rẹ́. Bí omi bá dúró síbẹ̀, ẹ la ojú ọ̀nà fún un kó lọ sí gọ́tà. Bí omi òrùlé bá ń kán sórí rẹ̀, ẹ fi páìpù gbà á, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọbẹ̀dò yóò ti hù síbẹ̀, yóò sì máa yọ̀. Bí ó bá ti hù, búrọ́ọ̀ṣì líle àti yanrìn díẹ̀ tó láti fi họ ọ́ kúrò. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí òjò yóò fi dá.